Mo dá wíkì sílẹ̀ fún kíláàsì mi, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin péré ló ń kọ nǹkan sí i

TíṣàJọ́gíráfì · Ọjọ́ Ajé, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí kọjá wà níbí.

Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 36 ló wà ní kíláàsì náà, ọmọ ọdún 15 sí 16 ni wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, mo dá wíkì kan sílẹ̀ fún wọn lórí odò, ìyẹn ojú-òpó tí gbogbo wọn lè jọ kọ, kí wọ́n sì jọ tún ṣe: ibi tí odò ti ń ṣẹ̀ wá, bó ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀, bó ṣe ń gbé iyanrìn lọ, bí omíyalé ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ojú-ewé mẹ́sàn-án ni mo là sílẹ̀. Mo kọ àkòrí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ lófìfo. Mo ní kí wọ́n jọ máa kọ ọ́, kí wọ́n máa tún ti ara wọn ṣe, tó bá fi máa di òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ó ti ní ìwé kan tí gbogbo wa jọ kọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ti pé. Àwọn mẹ́rin ló kọ ohun tó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn bíi mẹ́wàá fi gbólóhùn kan tàbí méjì kún un, kí n ṣáà lè rí orúkọ wọn. Àwọn ìyókù ń wọlé, wọ́n ń kà, wọ́n ń jáde lọ. Èyí tó dùn mí jù: ọmọbìnrin kan kọ ojú-ewé omíyalé dáadáa, akẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin kan wọlé, ó pa ìpínrọ̀ méjì rẹ́, ó fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ọmọbìnrin náà sunkún. Láti ọjọ́ yẹn, kò kọ lẹ́tà kan síbẹ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mú kí gbogbo wọn kọ ọ́? Báwo lẹ sì ṣe ń fún wọn ní máàkì tí ẹ kò fi ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ? Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n pa á tì, kí n dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ dípò rẹ̀. N kò fẹ́ pa á tì.

AtúnwéṢe · Ọjọ́ Ajé, aago 9:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ́jú, Tíṣà. Ẹ má pa á tì o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ṣẹlẹ̀ sí èmi náà fún ọdún méjì gbáko, ibì kan náà la sì ti kọsẹ̀: ojú-ewé òfìfo.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí nǹkan yìí ti wá. Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló gbé wíkì àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta ọdún 1995. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ máa kó ìrírí wọn jọ sójú kan, kí ẹni tó bá rí àléébù lára ohun tí ẹlòmíràn kọ lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ láìtọrọ àyè. Inú èdè Hawaii ló ti mú orúkọ náà, níbi tí "wiki" ti túmọ̀ sí "kíákíá". Orúkọ bọ́ọ̀sì kan tó ń gbé èrò ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu ló rán an létí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àtúnṣe ni wọ́n dá wíkì fún. Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ á fún ọmọ ní ibi tí kò sí ohunkóhun láti tún ṣe, a ó wá máa ṣe kàyéfì pé kò ṣe nǹkan kan.

N kì í fún wọn ní ojú-ewé òfìfo mọ́. Èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ ojú-ewé àkọ́kọ́, màá sì kọ ọ́ ní ìkọkúkọ: sípẹ́lì tó wọ́, gbólóhùn tó gùn jù, ọdún tí kò bá ìwé mu, àwòrán tí kò ní àlàyé, ìpínrọ̀ kan tó ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Nǹkan kan péré. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti kọ ìpínrọ̀ lè fi àmì ìdánudúró sí ìparí gbólóhùn. Àmọ́ nígbà tó bá tẹ bọ́tìnnì, tó rí i pé ojú-ewé yí padà lójú gbogbo kíláàsì, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti tún tèmi tí mo jẹ́ tíṣà ṣe, tí ilẹ̀ kò yanu, ti akẹgbẹ́ wọn kò ní ṣòro mọ́.

MàámiOnímọ̀Ẹ̀dá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:05 àárọ̀

Mo fara mọ́ ọn lórí ojú-ewé òfìfo, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí olùkọ́ mọ̀ọ́mọ̀ kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Mo dán an wò rí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan há ojú-ewé náà sórí kí wọ́n tó tún un ṣe tán, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò. Ẹ̀bi mi ni. Àṣìṣe sípẹ́lì, ó dáa. Àṣìṣe ìmọ̀, ẹ jẹ́ kó wà nínú ohun tí wọ́n fúnra wọn kọ. Ojú-ewé tí kò tíì pé ni èmi ń lò: mo kọ ìpínrọ̀ méjì tó dájú, mo wá kọ ìbéèrè mẹ́rin tí kò ní ìdáhùn sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó sunkún yẹn ló gbé mi dìde láàárọ̀ yìí.

Tíṣà, ẹ ronú sí ohun tí a ti ń sọ fún àwọn ọmọ yìí láti jẹ́lé-ó-sinmi: bo ìwé rẹ mọ́ra, má wo ti ẹnì kejì, má fọwọ́ kan iṣẹ́ oníṣẹ́. A sọ ọ́ fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a wá ní kí wọ́n wọ inú iṣẹ́ ara wọn, kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún un kọ. Ọmọkùnrin yẹn ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe. Ọmọbìnrin náà sì rí i bí ẹni pé wọ́n já ìwé rẹ̀ ya. Kò sí èyí tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. Bí a ṣe ń fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, tí a kò sì fi ọwọ́ kan iyì rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni fúnra rẹ̀, ó sì yẹ ká kọ́ wọn kí a tó kọ́ wọn ní ti odò.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń bẹ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kó fún mi ní ìpínrọ̀ tó kọ. Mo gbé e sójú pátákó, mo sì tún un ṣe níwájú wọn, mo ń sọ ohun tí mò ń rò jáde: "Gbólóhùn yìí dára, màá fi í sílẹ̀. Èyí kò yé mi, màá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó yọ ọ́." Lẹ́yìn náà la wá fi òfin lélẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ohun tó ju gbólóhùn kan lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú-ewé ìjíròrò, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ nípa ojú-ewé náà, kó sì dúró di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá tún ohunkóhun ṣe, bó ti wù kó kéré tó, gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú àpótí àkótán: "mo yọ ọ́ nítorí ó wà nínú ìpínrọ̀ kìíní tẹ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó ní ìdí nínú ti pa ìjà púpọ̀ ní kíláàsì mi.

Ẹ tún fi ojú-ewé ìtàn àtúnṣe han ọmọbìnrin náà. Ìpínrọ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti wákàtí tó kọ wọ́n. Ó lè gbé ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó sì dá èyí tó dáa padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò mọ̀ pé ohun tí a pa rẹ́ lórí wíkì kò kú.

Akẹ́kọ̀ọ́Ni · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:22 ọ̀sán

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, a sì ti lo wíkì nínú kọ́ọ̀sì mẹ́ta.

Kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ló ń jẹ́ ká dákẹ́. Tí mo bá tún gbólóhùn ọ̀rẹ́ mi ṣe, gbogbo kíláàsì ló máa rí i pé èmi ni mo tún un ṣe. Ó dà bí ìgbà tí mo bá a wí ní gbangba. Tó bá sì jẹ́ ẹni tó mọ̀wé jù mí lọ ńkọ́? Ohun tí a máa ń ṣe ni pé a ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí onítọ̀hún níkọ̀kọ̀ pé "wo ìpínrọ̀ kejì rẹ", òun fúnra rẹ̀ á wá lọ tún un ṣe. A ń ṣiṣẹ́ pọ̀ o, ṣùgbọ́n wíkì kò rí i, tíṣà náà kò rí i.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ni gbogbo wa ń dúró dè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èèyàn mẹ́wàá ló máa wà lójú-ewé kan. Mo kọ̀wé fún wákàtí kan lọ́jọ́ kan, mo tẹ bọ́tìnnì, ó ní ẹlòmíràn ti yí ojú-ewé náà padà. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe, mo bá pa á dé. Gbogbo rẹ̀ lọ.

Kọ́ọ̀sì tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èyí tí olùkọ́ wa ti pín iṣẹ́ fún wa. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin ni wá. Lọ́sẹ̀ yìí, ìwọ ló ń wá ìwé tí a máa fi ṣe ẹ̀rí, ìwọ ló ń kọ ọ́, ìwọ ló ń tún un kọ, ìwọ ló ń yẹ ẹ̀rí wò bóyá ó sọ ohun tí a ní ó sọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó yí i. Nígbà tó jẹ́ pé àtúnṣe ni iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún mi, ta ló máa bínú sí mi? Ọ̀rẹ́ mi gan-an ló ń bi mí pé, "o ò tíì tún tèmi ṣe?"

MàámiOnímọ̀Ẹ̀dá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:50 ọ̀sán

Ọmọ mi, o ṣeun gan-an. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi.

AlábòójútóSẹ́fà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:31 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti wákàtí kan tó ṣòfò, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà.

Tó bá jẹ́ MediaWiki lẹ̀ ń lò, ìyẹn ètò tí Wikipedia fi ń ṣiṣẹ́, tí èèyàn méjì bá ń tún ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lójú-ewé kan náà, ó sábà máa ń da iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ gbólóhùn kan náà ni àwọn méjèèjì fọwọ́ kàn ló máa kígbe. Ohun tí Akẹ́kọ̀ọ́Ni kọ kò tíì sọnù ní ìṣẹ́jú yẹn: ètò náà máa ń fi ti ẹnì kejì àti tìrẹ hàn lójú kan náà. Kọ́pì tìrẹ kí o tó pa ojú-ewé náà dé. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ máa ṣí abala kan ṣoṣo, kì í ṣe odindi ojú-ewé, kí ẹ sì máa fi í pamọ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

DokuWiki, ètò wíkì mìíràn, ń gba ọ̀nà tirẹ̀. Andreas Gohr, ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2004. Tí ẹnì kan bá ti ń tún ojú-ewé ṣe níbẹ̀, ètò náà máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn yòókù títí tó fi máa parí. Tí ẹni náà bá gbàgbé tó sì lọ, ìlẹ̀kùn á ṣí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, àyàfi tí ẹ bá yí i padà. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ló fi ń pa ojú-ewé kọ̀ọ̀kan mọ́, kò nílò dátábéèsì. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní ẹnì kankan tó mọ tinú kọ̀ǹpútà lè bójú tó o. Tí ilé ẹ̀kọ́ yín bá sì ti ní Moodle, ìyẹn ètò tí a fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wíkì wà nínú rẹ̀: ẹ lè jẹ́ kó jẹ́ ti gbogbo kíláàsì, ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí ti ẹnì kan ṣoṣo tí tíṣà rẹ̀ nìkan ń wò.

Ní ti WhatsApp: ó dára fún "ìpàdé di aago mẹ́rin". Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, àṣìṣe wà lókè, àtúnṣe rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ẹni tó bá wá kà á lóṣù tó ń bọ̀ lè má rí àtúnṣe náà láé. Lórí wíkì, ibi tí àṣìṣe wà gan-an ni àtúnṣe máa wà.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù nínú MediaWiki. Tí ọmọ kan bá fi ìjápọ̀ sí ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ, pupa ni ìjápọ̀ náà máa ń jẹ́. Tí ẹnì kan bá ti kọ ọ́, ó di búlúù. Mi ò mọ tíṣà tó lè fi ẹnu ṣe irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Ojú-òpó ọ̀fẹ́ kan tí mo gbé wíkì kíláàsì mẹ́ta sí kógbá wọlé. Wọ́n fún wa ní àkókò láti kó ẹrù wa, mo ń sọ pé "lọ́la, lọ́la". Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta àwọn ọmọ yẹn kò sí níbì kankan mọ́.

TíṣàJọ́gíráfì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:02 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ọ̀la ni mo máa pe ọmọbìnrin náà. Ti máàkì ló kù o.

Òǹdíwọ̀n · Ọjọ́rú, aago 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ máàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ má ka iye ìgbà tí ọmọ tún ojú-ewé ṣe. Mo kà á lọ́dún kan. Ọmọ kan fi kọ́mà sí gbólóhùn, ó fi í pamọ́, ó yọ ọ́, ó tún fi í pamọ́, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ má sì ka iye ọ̀rọ̀. Lọ́dún kejì tí mo ka ọ̀rọ̀, ojú-ewé wú bí ìyẹ̀fun tí a pò mọ́ omi, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gé nǹkan kúrò. Ẹni tó gé ìpínrọ̀ mẹ́ta sí gbólóhùn méjì tó yéni, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Iye ọ̀rọ̀ á sọ pé ó jẹ gbèsè.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wo ẹ̀yìn. Ní òpin iṣẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lọ sínú ìtàn àtúnṣe, á yan mẹ́ta nínú ohun tóun fúnra rẹ̀ ṣe, á yan ẹyọ kan tí ẹlòmíràn ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀ tó sì mú un dára sí i, á kọ ìlà díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: báwo ló ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí ló yí padà, kí nìdí. Nínú 100, máàkì 30 ni mo fún ojú-ewé lápapọ̀, 70 wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún kíláàsì yín ti 36, àtúnṣe 144 ni ẹ ó kà. Ọ̀sán kan tàbí méjì tó o. Ó yá ju kíka àròkọ 36 tó jọra lọ.

Mo sì ń ka ojú-ewé ìjíròrò mọ́ ọn. Ọmọ kan wà tí kò kọ ju ìpínrọ̀ kan lọ ní gbogbo táàmù, àmọ́ òun ló ń béèrè níbẹ̀ pé "ṣé ó dá ẹ lójú? níbo lo ti kà á?" Ìbéèrè rẹ̀ yẹn ló gba ojú-ewé mẹ́ta lọ́wọ́ àṣìṣe. Ẹni tó bá ojú-ewé nìkan lọ kò ní rí i rárá.

OlùkọÀgbàÌtàn · Ọjọ́rú, aago 8:17 alẹ́

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ sọ. Ọdún 27 ni mo ti fi ń kọ́ni ní ìtàn, ọ̀rọ̀ yìí kò sì tíì wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohunkóhun síbẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan. Ọmọ tó bá fi Wikipedia ṣe ẹ̀rí nínú àròkọ mi, mo máa ń fagi lé e. Kí ló burú nínú kí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?

OlóòtúÀyọkà · Ọjọ́bọ̀, aago 7:10 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ohun tí ẹ sọ ní ti àròkọ, Wikipedia fúnra rẹ̀ fara mọ́ yín: ó wà nínú ìlànà rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi òun ṣe ẹ̀rí. Ìwé tó wà nísàlẹ̀ àyọkà ló yẹ kí ọmọ lọ kà. Mo ti ń kọ àyọkà síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì ní sọ fún yín pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Ní 2005, ìwé àtìgbàdégbà Nature kó àyọkà 42 lórí sáyẹ́ǹsì jọ, ó sì ní kí àwọn onímọ̀ gbé ti Wikipedia àti ti Britannica, ìwé ìmọ̀ gbogbogbò tí àwọn onímọ̀ ń kọ, yẹ̀ wò. Wọ́n rí bí àṣìṣe mẹ́rin nínú àyọkà Wikipedia kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta nínú ti Britannica. Britannica bínú sí bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà, wọ́n sì jiyàn rẹ̀ gan-an. Ohun tí èmi rí mú níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ní àṣìṣe. Ọmọ tí a kò kọ́ láti yẹ ẹ̀rí wò, èyíkéyìí nínú wọn lè ṣì í lọ́nà.

Sà, ẹ wo òfin mẹ́ta tí Wikipedia gbé karí: má gbè sẹ́yìn ẹnì kan, ohun tí o bá sọ, jẹ́ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò, má mú ìwádìí tí ìwọ nìkan ṣe wá. Ṣé ohun tí ẹ ti fi ọdún 27 kọ́ àwọn ọmọ kọ́ nìyẹn?

Ní 2008, olùkọ́ kan ní Yunifásítì British Columbia ní Kánádà kó kíláàsì rẹ̀ tó ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ Látìn Amẹ́ríkà lọ sórí Wikipedia. Kí ó tó di òpin sáà náà, àwọn àyọkà kan tí wọ́n kọ ti wọ ipò àyọkà tó pegedé jù níbẹ̀. Àwọn àlejò tí kò mọ̀ wọ́n rí ló ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí wọ́n ń dá a padà pé kò tíì tó, tí àwọn ọmọ náà ń lọ tún un kọ. Ọmọ tó máa ń kọ àròkọ lẹ́ẹ̀kan, tó sì máa ń gbàgbé rẹ̀, tún ojú-ewé kan kọ ní ìgbà tí kò níye.

Ṣùgbọ́n Tíṣà Jọ́gíráfì, ẹ má kó àwọn ọmọ ọdún 15 lọ síbẹ̀ ní tààrà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo ojú-ewé ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí wọ́n má fi orúkọ àbísọ wọn ṣe orúkọ oníṣe, kí wọ́n má sì kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé àyọkà wọn lè di pípa rẹ́, ó sì máa ń dunni. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohunkóhun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, àṣẹ Creative Commons ti fún gbogbo ayé láyè láti lò ó àti láti yí i padà, bí wọ́n bá ṣáà ti dárúkọ ibi tó ti wá, tí wọ́n sì fi tiwọn náà sábẹ́ àṣẹ kan náà. Dída ọ̀rọ̀ kọ láti inú ìwé ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kékeré níbẹ̀.

Fún èdè tiwa, ẹ rántí pé Wikipedia wà ní èdè tó lé ní 300, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọmọ tó bá kọ ìpínrọ̀ mẹ́ta nípa odò ní èdè tí ojú-ewé rẹ̀ kò tíì sí ti ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe.

OlùkọÀgbàÌtàn · Ọjọ́bọ̀, aago 12:30 ọ̀sán

O ṣeun, o fi sùúrù dá mi lóhùn. Màá ṣì máa fagi lé e nínú àròkọ o. Àmọ́ màá ṣe ohun kan: màá mú àyọkà kan, màá ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìtọ́kasí kan nísàlẹ̀ rẹ̀, kó lọ ka ìwé náà, kó wá sọ fún mi bóyá ìwé náà sọ ohun tí àyọkà ní ó sọ. Ìyẹn, mo lè bá wọn ṣe é.

KòsíNẹ́tíwọ́ọ̀kì · Ọjọ́bọ̀, aago 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti ń kọ́ni, íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

AlábòójútóSẹ́fà · Ọjọ́bọ̀, aago 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ó kàn yín dáadáa. Fún kíkà, Kiwix wà: ẹ ó gba fáìlì Wikipedia sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, lẹ́yìn náà gbogbo kíláàsì lè máa kà á láìsí dátà kankan. Fún kíkọ, ẹ gbé DokuWiki sórí kọ̀ǹpútà kan nínú kíláàsì, kí ẹ so ráútà mọ́ ọn. Fóònù àwọn ọmọ á rí i láti inú yàrá náà, bí íntánẹ́ẹ̀tì kò tilẹ̀ sí lágbàáyé. Ẹ máa kọ́pì fódà rẹ̀ sórí fíláàṣì ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì.

AtúnwéṢe · Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:20 alẹ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé fúnra rẹ̀ ńkọ́, bíi ChatGPT? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ 900 balẹ̀ gìrìwò sójú-ewé kan ní ìṣẹ́jú méjì kí àkókò tó tán.

Òǹdíwọ̀n · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:55 àárọ̀

Ìtàn àtúnṣe á fi hàn yín pé ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní sọ ibi tó ti wá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan máa ń kọ gbogbo tirẹ̀ sínú ìwé nílé torí fóònù ìyá rẹ̀ ló ń yá lò, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí wíkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Díẹ̀ ló kù kí n fẹ̀sùn kàn án. N kì í fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń lọ sójú-ewé ìjíròrò, màá mú gbólóhùn kan, màá béèrè pé: "Kí lo ní lọ́kàn níbí? Ìwé wo ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ẹni tó kọ ọ́ máa dáhùn. Ẹni tí kò kọ ọ́ náà máa ní láti lọ kàwé kó tó lè dáhùn.

TíṣàJọ́gíráfì · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́rú, aago 8:36 alẹ́

Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo pe ọmọbìnrin náà àti ọmọkùnrin yẹn pọ̀, mo ṣí ìtàn àtúnṣe níwájú wọn, mo dákẹ́. Wọ́n jọ ka ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọmọbìnrin náà dá ìpínrọ̀ rẹ̀ kan padà, ó fi ìkejì sílẹ̀ bí ọmọkùnrin náà ṣe kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sínú àpótí àkótán pé: "tirẹ̀ yéni ju tèmi lọ níbí." Èmi kọ́ ni mo sọ fún un pé kó kọ ọ́.

Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ẹlẹ́ni mẹ́rin, iṣẹ́ ń yí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí Akẹ́kọ̀ọ́Ni ṣe sọ. Mo pa ojú-ewé òfìfo tì. Nínú àwọn 36, mo ti rí iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ àwọn 29. Nínú àwọn méje tó kù, méjì kò ní fóònù nílé, mo sì ti gba yàrá kọ̀ǹpútà fún wọn ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Àwọn márùn-ún yòókù, mo ṣì ń bá wọn sọ ọ́.

Wàhálà tuntun ti dé. Ìjà wà lójú-ewé ìjíròrò omíyalé. Ẹgbẹ́ kan ní dáàmù ń dín omíyalé kù torí ó ń gba omi dúró nígbà òjò. Ẹgbẹ́ kejì ní ó ń fa omíyalé, torí tí wọ́n bá ṣí i lójijì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò ló ń jìyà rẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé síra wọn ju ogójì ìgbà lọ. Mo mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ti àwọn méjèèjì. Ọwọ́ ń yún mi láti wọlé kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́?

MàámiOnímọ̀Ẹ̀dá · Ọjọ́rú, aago 8:51 alẹ́

Ẹ má kọ ọ́! Ẹ fún wọn di Ọjọ́ Ẹtì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ síbẹ̀: "Ẹ̀rí dà?" Kí ẹ sì jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́Ni · Ọjọ́rú, aago 9:03 alẹ́

Tíṣà, ogójì ìgbà! Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò fẹ́ kọ nǹkan kan.

TíṣàJọ́gíráfì · Ọjọ́ Ẹtì, aago 7:20 alẹ́

Mo béèrè ẹ̀rí, mo jáde. Lánàá, wọn kò sọ ohunkóhun, àyà mi já. Lónìí, mo rí i pé ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kejì kọ sójú-ewé ìjíròrò pé ìwé tóun rí sọ pé ó kù sí ọwọ́ bí wọ́n bá ṣe ń tú omi sílẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ kìíní kò ṣàṣìṣe pátápátá. Wọ́n ti yọ gbólóhùn méjèèjì tí wọ́n ń jà lé lórí kúrò, wọ́n fi ìjápọ̀ kan sípò wọn: "Dáàmù". Pupa ló wà nígbà tí mo jáde ní ilé ẹ̀kọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i báyìí, ó ti di búlúù. Àwọn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì wà lára àwọn márùn-ún.